Ìgbín jẹ ẹ́, ṣé àwa náà lè jẹ ẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Adátán ní Abẹ́òkúta níbí ni mo ń gbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ mi lọ sí ìhà Olókèméjì, ó sì kó olú ńlá mẹ́ta bọ̀ láti abẹ́ igi apá. Wọ́n sanra, abẹ́ wọn dà bíi fóòmù. Nígbà tí mo fi ọ̀bẹ gé ọ̀kan, ojú ibi tí mo gé di àwọ̀ aró. Aládùúgbò wa ní májèlé ni aró yẹn. Ìyá ọkọ mi ní kò sí nǹkan kan, torí ìgbín ti jẹ lára rẹ̀, ohun tí ìgbín bá sì jẹ kì í pa ènìyàn. Wọ́n wà nínú fìríìjì. Ṣé ká sè é? Báwo la sì ṣe lè rí irú rẹ̀ sí i?

ÌDÁHÙN: Ẹ má sè é, ìyáàfin.

Kì í ṣe nítorí aró yẹn o. Èròjà kan ló wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé bí atẹ́gùn bá ti kàn án, á yí àwọ̀ padà, bí iṣu tí a bó tí a kò tètè rẹ sómi ṣe ń dúdú. Nínú àwọn tó ń di aró, a rí èyí tí àwọn ará Yúróòpù ń jẹ láìsí wàhálà, a sì rí Rubroboletus satanas tó ń mú ènìyàn bì láìdáwọ́ dúró. Ẹ fi aró sílẹ̀ fún àwọn aládìrẹ Ìtòkú.

Ọ̀rọ̀ ìgbín ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún ni mo ń gbọ́ ọ, ó sì ń bí mi nínú.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan gbé ọ̀rá dúdú wá bá mi ní kùtùkùtù. Olú funfun tí wọn kò sè mọ́ ọbẹ̀ ló wà níbẹ̀. Èèyàn márùn-ún ló jẹ ìyókù nílé wọn. Wọ́n bì, wọ́n yàgbẹ́ gbuuru títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo yí olú náà padà. Abẹ́ rẹ̀, tó pín wẹ́wẹ́ bí ojú ewé ìwé, ti ń di àwọ̀ ewé. Chlorophyllum molybdites ni, èyí tó máa ń hù lórí pápá koríko lẹ́yìn òjò. Létí fìlà rẹ̀ ni ojú eyín ìgbín wà kedere, itọ́ rẹ̀ ti gbẹ síbẹ̀, ó ń dán. Ohun tí wọ́n rí nìyẹn tí ọkàn wọn fi balẹ̀. Ọlọ́run yọ wọ́n. Omi ni wọ́n fà sí wọn lára nílé ìwòsàn kí ara tó bọ̀ sípò.

Ara ìgbín kì í ṣe ara ènìyàn. Ẹyẹ ń ṣa ata wẹ́wẹ́ jẹ, kì í ta á lẹ́nu rárá. Ní Yúróòpù, olú kan wà tó ń jẹ́ Amanita phalloides. Ìgbín ń jẹ ẹ́, á sì máa wọ́ lọ. Ẹyọ kan ṣoṣo lè pa àgbàlagbà. Májèlé inú rẹ̀, amatoxin, kò bẹ̀rù iná: bí ẹ sè é, bí ẹ sá a, ibẹ̀ ló wà. Ẹni tó jẹ ẹ́ kò ní mọ nǹkan kan lára fún wákàtí 6 sí 24. Lẹ́yìn náà ni èébì àti ìgbẹ́ gbuuru á dé. Tó bá yá, ara á fẹ́ balẹ̀, wọn á máa dúpẹ́, ìgbà yẹn gan-an sì ni ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń bàjẹ́ lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wí fún mi pé òun tọ́ ọ wò lánàá, kò ṣe òun ní nǹkan kan. Alùbọ́sà tí wọ́n ń sè mọ́ ọn àti ṣíbí fàdákà tí àwọn kan fi ń dán an wò kò mọ nǹkan kan nípa májèlé olú.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìyá ọkọ yín ni mò ń bú. Àwọn ìyá tó ń ta olú lẹ́bàá ọ̀nà ní ìhà Òṣíẹ̀lẹ̀ mọ iṣẹ́ wọn. Olú orí ọ̀gán, ẹsẹ̀ adìyẹ tó ń hù lára igi tó ti kú: wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n mọ ibi tó ń hù àti ìgbà tó ń hù, wọ́n sì ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré. Ìmọ̀ yẹn ló ń dáàbò bò wọ́n. Olú tí ọkọ yín mú wálé kò sí lára èyí tí wọ́n mọ̀.

Ní ti rírí i, abẹ́ igi tó yẹ ni ọkọ yín dé. Apá wà lára ìwọ̀nba igi wa tí okùn olú, tó tín-ín-rín ju irun lọ, ń wé mọ́ ṣóńṣó gbòǹgbò rẹ̀. Igi ń fún olú ní ṣúgà, olú ń bá igi fa omi àti oúnjẹ láti inú ilẹ̀. Ìrókò, àràbà àti ọ̀pẹ kì í bá irú olú yìí ṣe pọ̀. Olú tó sanra tí abẹ́ rẹ̀ dà bíi fóòmù báyìí, bolete ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹ rántí pé igbó ìjọba ni Olókèméjì láti 1899, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá rí òmíràn, ẹ yí i padà: ihò wẹ́wẹ́ ló máa ń wà lábẹ́ bolete, kì í pín bí ojú ewé ìwé. Ẹ hú u tìdítìdí, ẹ má gé e lọ́rùn, torí inú ilẹ̀ ni àpò ìdí tí a fi ń dá ìdílé Amanita mọ̀ máa ń wà. Ẹ ya fọ́tò òkè, abẹ́, ìdí àti igi tó wà nítòsí. Ihò yẹn sọ ìdílé rẹ̀ fún yín ni, kò sọ pé ó ṣeé jẹ. Èmi kì í fi fọ́tò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó jẹun, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ìdáhùn yìí ṣe àṣẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti jẹ olú tí kò mọ̀, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bí ara rẹ̀ bá le koko. Ẹ mú èyí tó ṣẹ́kù dání. Ẹ má da epo pupa sí i lọ́nà ọ̀fun. Kì í pa májèlé, ó sì lè gba inú èébì wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Àwọn tó wà nínú fìríìjì yẹn ńkọ́? Ẹ gé fìlà èyí tí ẹ ti fi ọ̀bẹ kàn, ẹ da abẹ́ rẹ̀ dé bébà funfun, kí ẹ fi abọ́ bò ó mọ́jú. Ìyẹ̀fun tó bá bọ́ sórí bébà náà, ìyẹn irúgbìn olú, àti olú kan tí ẹ kò gé ni kí ẹ kó lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ewéko ní yunifásítì iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní ìlú wa. Ẹ sin ìyókù kí ọmọdé má bàa rí i, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọ̀bẹ yẹn dáadáa.