Ṣé Kí N Fi Ìbọn Tí N Kò Lò Mọ́ Gba Ọkọ̀ Ìpẹja?

Ìbéèrè:
Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ní Houston, mo sì ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Nígbà tí ara ṣì gbà mí, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń mú mi lọ sí oko ọdẹ àgbọ̀nrín. Ìgbà náà ni mo ra ráífù kan àti pọ́m̀pù-áṣọ̀n kan, mo sì tún ra ìbọn ìléwọ́ kan lẹ́yìn náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ná mi tó $1,900. Orúnkún kò jẹ́ kí n wọ igbó mọ́, ìbọn sì kàn wà nílé ni. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Lake Charles ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní ọkọ̀ ìpẹja alumíníọ́mù ẹsẹ̀ bàtà 16, ti òun ti ẹ́ńjìnnì àti tírélà kékeré tí wọ́n fi ń fà á. Ó ní ọkọ̀ náà tó $3,000, pé kí n kó ìbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá, kí n fi $500 lé e. Àwọn ọmọ-ọmọ mi fẹ́ràn ẹja pípa gan-an. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn:
Bàbá, ẹ kú ìrònú. Yíyẹ ọkọ̀ ojú omi wò fún àwọn tó fẹ́ rà á ni iṣẹ́ mi, ohun tí mo sì ti rí lẹ́nu iṣẹ́ náà ni pé ẹni tó bá da ọjà méjì pọ̀ di ọ̀kan kì í mọ èyí tí òun ti pàdánù nínú méjèèjì. Ìbọn mẹ́ta ni ẹ ń tà, ọkọ̀ kan ni ẹ sì ń rà. Ẹ kọ́kọ́ kó àwọn ìbọn náà lọ sọ́dọ̀ ọlọ́jà ìbọn méjì tàbí mẹ́ta tó ní ìwé àṣẹ, kí ẹ bi wọ́n ní iye tí wọ́n lè san lójú ẹsẹ̀ àti iye tí àwọn fúnra wọn ń ta irú wọn. Iye tó bá bọ́ sí àárín ni ẹ lè kà sí iye tí ó tọ́ láàárín ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín bóyá ọkọ̀ yìí gan-an ni ẹ máa fi owó náà rà, ká ní ó wà lọ́wọ́ yín pẹ̀lú $500 lórí rẹ̀. Bí ọkàn yín bá sọ pé ẹ̀yin ì bá wá òmíràn, a jẹ́ pé ìrọ̀rùn pàṣípààrọ̀ ló ń fà yín, kì í ṣe ọkọ̀ náà. Ẹ tún rántí pé ìbọn tí a tọ́jú, tí ìpẹtà kò mú, kì í tètè já wálẹ̀ lówó, ṣùgbọ́n ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì ń já wálẹ̀ lọ́dọọdún, yálà a lò wọ́n tàbí a kò lò wọ́n. Kò sí ohun tó ń lé yín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rẹ́ yín ni ọkọ̀ rẹ̀ ń gbó lọ.

Síbẹ̀, mo fara mọ́ ọn pé kí àwọn ìbọn náà kúrò nílé. Ilé tí ọmọdé ń wọlé tí ó ń jáde kò yẹ kó ní ìbọn tí onílé kò lò mọ́. Òfin Texas pàápàá ka á sí ẹ̀ṣẹ̀ bí àgbàlagbà bá fi ìbọn tó ti ní ọta nínú sí ibi tí ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ti lè tó o. Títí di ọjọ́ tí wọ́n máa kúrò, ẹ tú ọta inú wọn, kí ẹ ti ìbọn mọ́ inú àpótí, kí ọta sì wà ní ibòmíràn tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀.

Ibi tí òfin ti le jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé Texas ni ẹ̀yin ń gbé, Louisiana sì ni ọ̀rẹ́ yín ń gbé. Ká ní ìpínlẹ̀ kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì wà, òfin ìjọba àpapọ̀ kì bá fi dandan lé e pé kí ẹ gba ọwọ́ ọlọ́jà kọjá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà òfin ìbọn ti ọdún 1968, ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ ọlọ́jà kò gbọdọ̀ ta ìbọn fún ará ìpínlẹ̀ mìíràn ní tààrà. Kò gbọdọ̀ fi ṣe pàṣípààrọ̀, kò sì gbọdọ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá, àfi àwọn ààyè díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, irú bí ogún. Ó gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ọlọ́jà tó ní ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀. Ọlọ́jà ìpínlẹ̀ èyíkéyìí nínú méjèèjì lè ṣe ti ráífù àti pọ́m̀pù-áṣọ̀n bí ó bá ti bá òfin ìpínlẹ̀ méjèèjì mu, ṣùgbọ́n ìbọn ìléwọ́ gbọ́dọ̀ kọjá lọ́wọ́ ọlọ́jà tó wà ní ìpínlẹ̀ ẹni tó ń gbà á, ìyẹn Louisiana. Fún ìdí èyí, ẹ wá ọlọ́jà kan ní Lake Charles, ẹ pè é ṣáájú lórí fóònù, kí ẹ bi í ní iye tó ń gbà fún iṣẹ́ náà, kí ẹ sì jẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀rẹ́ yín ni yóò kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù 4473, ìyẹn fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ fún ẹni tó ń gba ìbọn, ọlọ́jà yóò sì yẹ orúkọ rẹ̀ wò nínú NICS, ètò ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1998, tí wọ́n fi ń wò bóyá òfin gbà kí ẹni náà ní ìbọn. Ní ojú ọ̀nà I-10, kí ìbọn má ní ọta nínú, kí wọ́n wà nínú àpótí tí a tì pa nínú búùtù mọ́tò yín. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ìbọn kọ̀ọ̀kan wà lórí rẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa, nítorí pé bí wọ́n bá rí èyíkéyìí nínú wọn níbi tí kò yẹ lọ́jọ́ iwájú, ìwé yẹn ni yóò fi hàn pé kò sí lọ́wọ́ yín mọ́.

Àwọn tí wọn kò tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà máa ń béèrè irú nǹkan báyìí lọ́wọ́ mi, nítorí náà, mo fi kún un. Ẹni tó ní green card lè ní ìbọn bí kò bá sí ìdí mìíràn tí òfin fi dí i lọ́wọ́. Ẹni tó wà níbí lórí físà ìgbà díẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí àlejò, kò gbọdọ̀ gbà á àfi tí ó bá bọ́ sínú àwọn ààyè tí òfin yọ sílẹ̀, irú bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ẹni tó bá sì ń rò pé òun á tọ́jú ìbọn òun sínú àpótí ẹrù tó ń lọ sí Èkó, kí ó gbé èrò náà jù sílẹ̀ lónìí. Kò lè gbé ìbọn jáde ní Amẹ́ríkà láìgba àṣẹ, òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 kò sì gbà kí ó wọlé láìgba àṣẹ.

Ọ̀rọ̀ owó orí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í rántí rẹ̀. IRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀, ka pàṣípààrọ̀ sí títà. Bí ọkọ̀ náà bá tó $3,000 lóòótọ́, tí ẹ sì fi $500 lé ìbọn, a jẹ́ pé $2,500 ni ẹ ta ìbọn tí ẹ rà ní $1,900, èrè $600 sì wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí ẹ kọ sínú ìwé owó orí yín. Bí ó bá jẹ́ òfò ni, wọn kò ní yọ ọ́ fún yín, nítorí pé ohun ìlò ti ara ẹni ni. Ẹnìkan lè sọ fún yín pé bí a bá fi nǹkan pààrọ̀ nǹkan, kò sí owó orí lórí rẹ̀. Láti ọdún 2018, ilẹ̀ àti ilé nìkan ni ààyè yẹn kù fún.

Ní ti ọkọ̀ náà, Lake Charles ló kọ́kọ́ mú mi lọ́kàn. Adágún Calcasieu tó wà nísàlẹ̀ ìlú náà já sí òkun, iyọ̀ sì wà nínú omi rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ́ńjìnnì náà ti mu omi iyọ̀ fún ọdún púpọ̀, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ a máa jẹ irin láti inú wá, níbi tí ojú kò tó. Ẹ bi ọ̀rẹ́ yín bóyá ó máa ń fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣan inú ẹ́ńjìnnì náà lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ fún un pé kó má tan án kí ẹ tó dé, nítorí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná kì í fi àìsàn rẹ̀ hàn. Bí ó bá ti jí, omi gbọ́dọ̀ máa tú jáde geere ní ojú ihò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ń kán tó-tó-tó tàbí tí kò jáde rárá, ẹ ní kí ó pa á. Ẹ san owó fún mẹkáníìkì ọkọ̀ ojú omi tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ yín, kí ó wọn agbára inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ó yẹ kí wọ́n sún mọ́ ara wọn, kí ó sì tú díẹ̀ nínú ọ́ìlì gíà ìsàlẹ̀. Bí ọ́ìlì náà bá funfun bí omi wàrà, omi ti wọ inú gíà nìyẹn, àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í ṣe owó kékeré.

Ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń kọ́? Ìdí ọkọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì so mọ́, sábà máa ń ní pákó nínú láàárín alumíníọ́mù méjì, pákó náà sì lè jẹrà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ di ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì mú, ẹ gbé e sókè, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹlòmíràn máa wo ìdí ọkọ̀. Bí ó bá ń mì tàbí tí ó ń tẹ̀, ẹ máa bọ̀ nílé. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣì wà lórí tírélà, ẹ fi họ́ọ̀sì da omi díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Níbi tí omi bá ti ń kán jáde, ibẹ̀ náà ni yóò máa gbà wọlé lórí adágún. Àwo kékeré kan wà nínú irú ọkọ̀ tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 20, wọ́n kọ iye ènìyàn, ìwọ̀n ẹrù àti agbára ẹ́ńjìnnì tí ọkọ̀ lè gbà sára rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn bá ju èyí tí a kọ lọ, n kò ní jẹ́ kí ọmọdé wọ ọkọ̀ náà.

Ìwé tún ń bẹ. Ọkọ̀ tí wọ́n kàn láti ìparí ọdún 1972 wá ní nọ́ńbà tó ní lẹ́tà àti òǹkà 12, tí wọ́n tẹ̀ sí apá ọ̀tún ìdí ọkọ̀. Ẹ wò ó bóyá ó bá ìwé ìforúkọsílẹ̀ Louisiana mu, kí orúkọ ọ̀rẹ́ yín gan-an sì wà níbẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tó tà á fún un. Ẹ béèrè bóyá gbèsè báńkì kankan ṣì wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá dé ilé, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń jẹ́ Texas Parks and Wildlife ni yóò forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì ní ìwé ìní tirẹ̀ lọ́tọ̀ ní Texas, nítorí náà, ẹ gba ìwé ti méjèèjì. Owó orí ìpínlẹ̀ lórí ọkọ̀ jẹ́ ìdá 6.25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pàṣípààrọ̀.

Ẹ wo ilé yín náà. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ní Houston kò gbà kí ọkọ̀ ojú omi wà níwájú ilé, owó ibi ìgbọ́kọ̀sí sì lè jẹ́ ti oṣooṣù. Ẹ ka ìwé ìlànà mọ́tò yín láti mọ ìwọ̀n ẹrù tó lè fà. Jákẹ́ẹ̀tì ìgbẹ̀mílà gbọ́dọ̀ wà fún ẹni kọ̀ọ̀kan, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 sì gbọ́dọ̀ wọ tirẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Ẹ̀yin fúnra yín nílò ìwé àṣẹ ẹja pípa, nítorí Texas ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti pé ọdún 17.

Ní ti $500 tí ọ̀rẹ́ yín ní kí ẹ fi lé e, ẹ má tíì gbà á. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì kọ iye tí àtúnṣe yóò ná sínú ìwé, kí ẹ yọ ọ́ nínú $3,000, kí ẹ wá wo ohun tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí àwọn ọlọ́jà ìbọn sọ. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ráífù àti pọ́m̀pù-áṣọ̀n nìkan ti tó, kí ẹ sì ta ìbọn ìléwọ́ fún ọlọ́jà ní Houston níbí. Bí ọ̀rẹ́ yín bá sì kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sínú omi kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ ta ìbọn yín lówó, kí ẹ sì wá ọkọ̀ tí kò tíì wọ omi iyọ̀ rí, ní agbègbè Lake Conroe tàbí Lake Livingston.