Èsì: Bí a ṣe lè mọ̀ bóyá photosynthesis yé akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bèèrè bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá photosynthesis, ìyẹn bí ewéko ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi àti carbon dioxide ṣe oúnjẹ, yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà yín, tàbí ńṣe ni wọ́n kàn há a sórí. Ẹ má wulẹ̀ ní kí wọ́n sọ ohun tó jẹ́. Ẹ gbé ìṣòro kan síwájú wọn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti van Helmont, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ayé àtijọ́ kan. Ó gbin igi kan sínú ìkòkò, ó ń bomi rin ín fún ọdún 5. Igi náà fi nǹkan bíi kílò 74 wúwo sí i, àmọ́ nǹkan bíi gíráàmù 57 péré ló dín nínú iyẹ̀pẹ̀. Níbo ni ìwúwo yẹn ti wá? Omi nìkan ni van Helmont fúnra rẹ̀ rò pé ó ti wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dárúkọ carbon dioxide inú afẹ́fẹ́, tó sì ṣàlàyé bó ṣe di ṣúgà kó tó di igi, ọ̀rọ̀ náà yé e dáadáa.

Ẹ tún bi wọ́n bóyá ewé tó wà nínú oòrùn ń mí. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé òru nìkan ni ewéko ń mí, bẹ́ẹ̀ tọ̀sán tòru ni. Ẹ jọ̀ọ́, àlàyé wọn ni kí ẹ fún ní máàkì tó pọ̀ jù.