Tíṣà ìtàn ni mí, mo fẹ́ bọ́ sídìí kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní ìtàn, mo sì gbádùn ẹ̀, àmọ́ ó wù mí kí n wà lára àwọn tó ń ṣètò ohun tí tíṣà máa kọ́. Àwọn kan ní àfi kí n kọ́kọ́ lọ gba másítàs, ṣé òótọ́ ni? Tíṣà Ìtàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ náà, tíṣà wa. Másítàs ò burú, ibòmíì tiẹ̀ wà tí wọn ò ní wo ojú èèyàn tí ò bá ní i, àmọ́ òun kọ́ ni màá fi ṣáájú. Ohun tí wọ́n fẹ́ rí ni ẹ̀kọ́ kan tẹ́ ẹ ti ṣètò fúnra yín, tí tíṣà tí ò mọ̀ yín rí lè gbé wọ kíláàsì láìpè yín lórí fóònù.

Ẹ jẹ́ ká mú ìjà Lexington ní Amẹ́ríkà, níbi tí ogun àwọn ará Amẹ́ríkà àti sójà Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 19 oṣù kẹrin 1775. Ta ló kọ́kọ́ yìnbọn? Àwọn ará Amẹ́ríkà tó wà níbẹ̀ búra pé sójà Gẹ̀ẹ́sì ni, ọ̀gá sójà Gẹ̀ẹ́sì kan sì kọ ọ́ sínú dáyárì ẹ̀ pé àwọn yẹn ni. Sam Wineburg, tó ń ṣèwádìí nípa bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìtàn, kó àwọn ìwé ìjà yìí fún onímọ̀ ìtàn 8 àti ọmọ ilé ìwé 8, ó gbé àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 1991: àwọn onímọ̀ ń kọ́kọ́ wo ẹni tó kọ ọ́, àwọn ọmọ ń kà á lọ ràì bí ìwé kíláàsì. Ibẹ̀ niṣẹ́ yín wà: ẹ ṣètò ẹ̀kọ́ táá jẹ́ kí ọmọ máa kọ́kọ́ wo ẹni tó kọ̀wé. Ìwé kúkúrú méjì, ìbéèrè kan, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó le lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì parí kí bẹ́ẹ̀lì tó lù.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ wa láàmú ni pé a mọ̀ jù, a á fẹ́ da gbogbo ẹ̀ síbẹ̀. Ẹ ti ìdí bẹ̀rẹ̀: kí lọmọ máa kọ nígbẹ̀yìn tá a fi máa mọ̀ pé ó yé e? Ẹ gbé e fún tíṣà míì, kẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ má sọ̀rọ̀ (èyí le o), ibi tó bá ti ń kólòlò tàbí táwọn ọmọ ń wojú ara wọn, ibẹ̀ lẹ máa tún kọ. Ẹ tọ́jú èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ, torí wọ́n lè bi yín ní íńtáfíù pé kí lẹ yí padà.

Ẹ má tíì fi kíláàsì sílẹ̀ o. Wọ́n sábà máa ń gbé iṣẹ́ yìí fúnni díẹ̀díẹ̀, tíṣà tó ṣì ń kọ́ ọmọ ni wọ́n sì máa ń wá.