Ray Harroun àti dígí inú mọ́tò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Ṣé òótọ́ ni pé Ray Harroun tó gbégbá orókè nínú eré ìje mọ́tò Indianapolis 500 àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, ṣe ló dá nìkan wà nínú mọ́tò ẹ̀?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni o, 30 oṣù karùn-ún 1911 ni. Enjiníà ni Harroun nílé iṣẹ́ Marmon tó ń ṣe mọ́tò, ó tiẹ̀ ti fẹ̀yìn tì nínú eré ìje kí wọ́n tó bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wá. Àwọn tó kù gbé mẹkáníìkì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn táá máa bá wọn wẹ̀yìn, àmọ́ ìjókòó kan ṣoṣo ló wà nínú Wasp, mọ́tò yẹ́lò tó wà, nígbà táwọn awakọ̀ yòókù wá ń fapá jánú pé ewu nìyẹn, ó gbé dígí sórí irin síwájú ara ẹ̀ kó lè máa fi wẹ̀yìn. Àmọ́ bíríkì ni wọ́n fi tẹ́ ojú títì ibẹ̀ o! Torí ẹ̀, Harroun fúnra ẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé dígí yẹn gbọ̀n débi pé òun ò rí nǹkan kan nínú ẹ̀. Awakọ̀ míì, Cyrus Patschke, gba mọ́tò náà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì bá a wà á díẹ̀ láàárín, torí eré yẹn gbà ju wákàtí mẹ́fà lọ. Lójú tèmi, ọpọlọ ẹ̀ ló yẹ ká máa yìn ju eré tó sá lọ. Kò sá eré ìje mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, 1968 ló kú.