Ìbéèrè Yín: Ẹṣin Ojúde Ọba Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 3 ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo fẹ́ kí wọ́n ya Ojúde Ọba: kí èèyàn tẹ ẹṣin, kí ẹṣin jó, kó tẹ régbérégbé kan, kí ìlù dún. Flash, ètò àtijọ́ tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán tó ń rìn, ni ìwé tí mo bá nílé-ìwé fi ń kọ́ni. Kí ni ká fi bẹ̀rẹ̀? Kọ̀ǹpútà wa ti gbó, dátà sì wọ́n. (Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Òde)

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, ẹ gbé ìwé Flash yẹn tì ná. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ilé-iṣẹ́ Adobe jáwọ́ nínú Flash Player, ètò tó ń ṣí iṣẹ́ Flash. Kí ọmọ ya ẹṣin tó rẹwà jù lọ, bó bá jáde ní fáìlì SWF tí Flash ń ṣe, fóònù òbí rẹ̀ kò ní ṣí i.

Scratch, ètò tí ọmọ fi ń to àṣẹ pọ̀ bí búlọ́ọ̀kù, ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wa èyí tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì jáde (download) lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ fi fláàṣì USB gbé e kiri kọ̀ǹpútà yòókù. Ìdúró mẹ́rin ("costume" ni Scratch ń pè é) tó fún ẹṣin. Ẹ ya ọ̀kan, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹsẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ yí padà; bí ọmọ bá tún gbogbo ẹṣin yà láti ìbẹ̀rẹ̀, ara rẹ̀ á máa fò síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ fa "when this sprite clicked" wá, ẹ so "repeat 12" mọ́ ọn, ẹ fi "next costume" àti "wait 0.1 seconds" sínú rẹ̀. Ẹṣin á gbé ẹsẹ̀ yípo lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé "wait", ẹṣin rẹ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, nítorí nǹkan bí ìgbà 30 ni Scratch ń yí àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Fáìlì sb3 ni Scratch ń tọ́jú iṣẹ́ sí, bíráúsà lásán kò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé e lọ sí TurboWarp Packager, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ pẹ̀lú, kẹ́ ẹ ní kó di HTML, irú fáìlì tí bíráúsà ń ṣí. Fáìlì kan ṣoṣo ló máa dá padà; òun lẹ máa gbé sórí sáìtì ilé-ìwé.

Ìlù ló máa ń jẹ dátà jù. Ìṣẹ́jú kan ìlù tí ẹ gbà ní WAV (fáìlì ohùn tí wọn ò fún pọ̀), kódà ní mono (ipa ohùn kan ṣoṣo), tó 5 MB. MP3 (èyí tí wọ́n fún pọ̀) ní 64 kbps kò ju ìdajì MB lọ. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó fún régbérégbé kan, wọn ò ní bínú. Kí ẹ tó gbé ohùn wọ Scratch ni kẹ́ ẹ ti gé e, torí bí ẹ bá gé e nínú rẹ̀, ó máa sọ ọ́ di WAV padà. Ẹ má sì ṣe é pé kí ìlù bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀: ọ̀pọ̀ bíráúsà kì í jẹ́ kí ohùn jáde àfi bí ẹni tó ń wò ó bá kọ́kọ́ tẹ nǹkan. Ẹ̀rọ lẹ máa rò pé ó bàjẹ́.

Adobe Animate ni ọmọ Flash gan-an, ìwé yín á sì wúlò díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ owó oṣooṣù ni wọ́n ń san. Bí ẹ bá máa lò ó, HTML5 Canvas ni kẹ́ ẹ yàn látìbẹ̀rẹ̀. ActionScript, èdè kóòdù Flash, kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀; JavaScript, èdè kóòdù bíráúsà, ni. Férémù (àwòrán kọ̀ọ̀kan) 1 lórí timeline, ìlà tí wọ́n to àwọn àwòrán sí, ni kóòdù ń pè ní 0. Nítorí náà, gotoAndStop(1) á gbé yín lọ sí èkejì. Ọmọ tó bá fẹ́ kọ kóòdù gidi, ẹ fún un ní p5.js, irinṣẹ́ JavaScript fún yíyàwòrán, ọ̀fẹ́ ni.

Bí ẹ bá ní SWF àtijọ́ tó wù yín, Ruffle, ètò tó ń ṣe bíi Flash Player, lè ṣí púpọ̀ nínú wọn. Èyí tí wọ́n fi ActionScript 3 ṣe ló ṣì máa ń dá a láàmú.