Bí ọrọ̀ ajé Nàìjíríà bá ń dàgbà, ṣé àwa ará Kétu á jèrè?

ÌBÉÈRÈ: Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti ń ta gàrí àti ẹ̀wà. Ìlárá àti Ìmẹ̀kọ ni àwọn oníbàárà mi ti ń wá, náírà ni wọ́n sì fi ń sanwó. Rédíò ní ọrọ̀ ajé Nàìjíríà tún ti ń dàgbà. Ṣé kí n gba ṣọ́ọ̀bù kejì?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gbà á, ìyá, bó bá jẹ́ pé ìròyìn yẹn nìkan lẹ gbójú lé.

Àǹfààní wà nínú kéèyàn múlé ti orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ lé ní 200 mílíọ̀nù. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìrẹsì, adìyẹ inú yìnyín àti ọkọ̀ tokunbọ̀ ti ń gúnlẹ̀ sí Kútọnu kí wọ́n tó kọjá sí Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n òfin Àbújá ló bí èyí tó pọ̀ jù nínú òwò yẹn: ohun tí wọ́n bá fòfin dè, tàbí tí owó ẹrù rẹ̀ bá ga jù l'Ékòó, á wá ọ̀nà gba Kútọnu. Òfin náà ló sì ń tì í. Ọrọ̀ ajé Nàìjíríà ń dàgbà lọ́dún 2019 tí wọ́n ti ẹnubodè pa lóṣù kẹjọ. Ó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Tòmátò àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó jẹrà mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ ní Bẹ̀nẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń fi fàyàwọ́ kó wá láti Nàìjíríà: ọjọ́ tí Nàìjíríà kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, 29 oṣù karùn-ún 2023, ni epo olówó pọ́ọ́kú tán lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà yín.

Èyí tó kàn yín jù ni náírà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, 1,000 sẹ́fà, owó tí ẹ ń ná ní Bẹ̀nẹ̀, kò tó 800 náírà ní báńkì. Lóṣù kẹfà, ìjọba Nàìjíríà fi iye náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu rẹ̀. Nígbà tí oṣù kejì 2024 fi máa parí, 1,000 sẹ́fà ti kọjá 2,000 náírà. Euro ni wọ́n so sẹ́fà tiyín mọ́, kò lè bá náírà wálẹ̀. Gàrí 500 sẹ́fà tí oníbàárà ń fi nǹkan bí 400 náírà rà wá di ohun tó lé ní 1,000, láìjẹ́ pé ẹ fi kọ́bọ̀ lé e.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, ìwé ìjọba ń sọ pé ọrọ̀ ajé ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún dàgbà lọ́dún. Irọ́ kọ́. Ohun tí wọ́n ń pèsè nílé ni wọ́n kà, wọn ò ka ohun tí náírà lè rà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó ń ra ike, ọṣẹ àti bísíkítì wá láti Nàìjíríà ló jèrè nígbà yẹn. Kódà, bí náírà bá tún já, gàrí Ìmẹ̀kọ lè wá bá tiyín du oníbàárà ní Kétu níbẹ̀.

Nítorí náà, àwọn tó ń ṣẹ́ owó ni kí ẹ máa bi, ẹ fi rédíò sílẹ̀. Bí náírà bá dúró sójú kan fún oṣù mélòó kan, tí àwọn aṣọ́bodè ò sì yíwọ́ padà, ìgbà yẹn la lè sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ní báyìí, sẹ́fà ni kí ẹ fi dá iye lé ọjà. Náírà tẹ́ ẹ bá gbà, ẹ ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ náà gan-an. Awìn náà, ní sẹ́fà ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.