"Apellido" tó sọ mí di Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ibi tí "apellido", ìyẹn orúkọ ìdílé lọ́dọ̀ àwọn ará Sípéènì, ti wá, àti bóyá òun náà ni "apelido" àwọn Potogí: ọmọ ìyá ni wọ́n. "Appellare" inú èdè Látìnì ló bí méjèèjì, ìyẹn kéèyàn pe nǹkan tàbí kó ké sí ẹnìkan. Láyé àtijọ́, ìbòsí ogun gan-an ni, igbe tí wọ́n fi ń kó ará ìlú jáde bí ọ̀tá bá yọ, kó tó wá di orúkọ ìdílé.

Ẹ ní Brazil lẹ ń lọ. Ó dáa. Madrid ni mo ti kọ́ èdè Sípéènì kí n tó kó lọ sí São Paulo. Olùkọ́ mi, ọ̀gbóǹtarìgì lójú ara rẹ̀, ní èdè méjèèjì ò yàtọ̀, kí n ṣáà máa fi imú sọ ti Potogí. Imú! Mo lọ forúkọ sílẹ̀ níléèwé kan, akọ̀wé bi mí: "Sobrenome?" Ní Sípéènì, ìnagijẹ ni "sobrenombre". Mo rẹ́rìn-ín, mo ní "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́", bí wọ́n ṣe ń pè mí ládùúgbò. Ó ní "Apelido?" Mo dá orúkọ bàbá mi. Páásípọ́ọ̀tù mi wà níwájú rẹ̀. Ife kọfí ló gbé lé e, kò ṣí i.

Ìwé ẹ̀rí jáde: orúkọ ìdílé, OPELENGE. Orúkọ bàbá mi wà nínú kọ̀ǹpútà wọn, níbi tí wọ́n ń kọ ìnagijẹ sí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo lọ. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n ní ẹnu mi ni mo fi pè é. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ń tún un ṣe ti lọ ìsinmi. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní kí n lọ búra pé èmi àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kì í ṣe ẹni méjì. Mo búra. Wọ́n ní òǹtẹ̀ rẹ̀ ò hàn dáadáa. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ìwé yẹn wá ti bọ́ nígbà náà.

Ní Brazil, "sobrenome" ni orúkọ ìdílé, "apelido" ni ìnagijẹ. Ní Pọ́túgà, "apelido" tún padà di orúkọ ìdílé, wọ́n sì ń pe ìnagijẹ ní "alcunha", tí wọ́n mú lára "al-kunya" àwọn Lárúbáwá, irú bá a ṣe ń pe èèyàn ní Bàbá Ṣadé.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ìdílé méjì tiẹ̀ tún ń bọ̀: àwọn ará Sípéènì sábà máa ń fi ti bàbá ṣáájú ti ìyá, àwọn Potogí máa ń fi ti bàbá kẹ́yìn. Ẹ má sì pe ọbẹ̀ onílé yín ní "esquisito" o! Adùn ni "exquisito" ní Sípéènì, ṣùgbọ́n ohun tó ṣàjèjì ni "esquisito" ní Brazil.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ orúkọ sí ò le. Tí wọ́n bá bi yín lórúkọ, ẹ ṣí páásípọ́ọ̀tù, ẹ fìka tọ́ka sí i, ẹ panu mọ́.